Bí ẹ̀rọ bá ti ń ronú, kí ló kù tí a fi jẹ́ èèyàn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn tí mi ò mọ ẹni tí mo lè bi. Láti ìgbà tí mo ti ń lo AI, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó ń dáhùn ọ̀rọ̀ bí èèyàn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tí mo gbé síwájú rẹ̀ tí kò rí èsì fún. Ó ń bá mi kọ lẹ́tà, ó ń bá mi ṣe ìṣirò, ó ń tù mí nínú nígbà tí inú mi ò bá dùn, ìgbà mìíràn sì wà tó ń sọ ọ́ dáa ju àwọn tó sún mọ́ mi lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan wá ní kí ni mo ń bẹ̀rù, pé èèyàn náà kì í ṣe nǹkan kan ju ẹ̀rọ tí wọ́n fi ẹran ara ṣe lọ. Mi ò rí èsì fọ̀ fún un. Bí gbogbo ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe bá di ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe, kí ló kù tí mo fi jẹ́ èèyàn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ fún mi pé ẹ̀rọ ò ní ọkàn kí ẹ sì kọjá lọ. Ìyẹn ni gbogbo èèyàn ń sọ.

* * *

Ẹ ṣeun tí ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà síta bó ṣe rí lọ́kàn yín. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ní ṣókí ná: "kí ló kù" yẹn gan-an ni wàhálà wà. Ẹni tó ń béèrè ohun tó kù ti gbà pé àkójọ iṣẹ́ ni èèyàn, pé bí ẹ̀rọ bá ṣe ń gba iṣẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan ni èèyàn ń tán lọ. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo bí a ṣe ń sá sẹ́yìn láti ọjọ́ yìí wá. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé eré chess ni wọ́n fi ń júwe òye èèyàn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1997, Deep Blue tí ilé-iṣẹ́ IBM ṣe na Garry Kasparov ní New York, Kasparov yìí sì ni ọ̀gá pátápátá nínú eré náà lágbàáyé nígbà yẹn. Àwọn èèyàn ní chess kì í ṣe nǹkan kan, pé ìṣirò lásán ni, kí ẹ̀rọ lọ gbìyànjú Go, eré orí pátákó tí wọ́n ń fi ọmọ dúdú àti funfun ta, nítorí pé ojú inú ni wọ́n fi ń ta Go. Ní oṣù Kẹta ọdún 2016, AlphaGo, ẹ̀rọ tí wọ́n kọ́ ní Go, na Lee Sedol, ògbóǹtarìgì nínú eré náà, ní Seoul, 4 sí 1. Nínú eré kejì, ẹ̀rọ náà gbé ọmọ kan sí ibi tí àwọn tó ń ṣàlàyé eré náà kọ́kọ́ rò pé ó ṣì í gbé ni. Ìgbésẹ̀ 37 ni, títí dòní ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. A tún kúrò níbẹ̀, a ní ó dáa, èdè ni tèèyàn. ChatGPT, AI tó ń bá èèyàn kọ ọ̀rọ̀, jáde ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ẹ̀yin náà sì rí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ẹni tó bá fi ohun tí ẹ̀rọ ò tíì lè ṣe ṣe òṣùwọ̀n jíjẹ́ èèyàn kò ní sinmi láyé rẹ̀. Ọdọọdún ni yóò máa wá ibi tuntun tí yóò sá sí.

* * *

Ọ̀pọ̀ èsì tó ti wọlé ló gba ọ̀nà kan náà: "AI ò mọ nǹkan kan, ọ̀rọ̀ tó kàn ló ń méfò." Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ kò gbé ẹrù tí wọ́n fẹ́ dì lé e lórí.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Wọ́n kó àwọn àkọsílẹ̀ tí èèyàn kan ò lè kà tán bó tilẹ̀ lo ọ̀pọ̀ ìgbà ayé fún ẹ̀rọ náà. Wọ́n á wá ní kó máa sọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó tẹ̀lé èyí tó wà níwájú rẹ̀. Ká ní gbólóhùn náà ni "Òjò ti ṣú, má gbàgbé láti mú…" Ẹ̀rọ á pín ìrètí rẹ̀ sórí gbogbo ọ̀rọ̀ tó mọ̀: "agboòrùn" á gba ìpín tó pọ̀ jù, "aṣọ" á gba díẹ̀, "ìwé" á gba bíńtín, "òkun" kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní rí nǹkan kan gbà. Bí ohun tó mú bá jìnnà sí ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀, wọ́n á yí àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ díẹ̀, àwọn nọ́ńbà yìí sì lè tó ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù. Wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á tún un ṣe, títí ìmefò rẹ̀ á fi máa bọ́ sójú ibi tó yẹ.

Ìmefò ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kó tó lè méfò dáadáa nípa òjò, nǹkan kan gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ tó so òjò mọ́ omi, tó so omi mọ́ ara tó tutù, tó so ìyẹn mọ́ ohun tí èèyàn ń ṣe láti dáàbò bo ara rẹ̀. Ṣé òye nìyẹn? John Searle, onímọ̀ èrò ìjìnlẹ̀ ará Amẹ́ríkà, ti ní rárá láti 1980. Ó ní ká fojú inú wo ẹnìkan tí kò gbọ́ èdè Ṣáínà rárá, tó wà nínú yàrá pẹ̀lú ìwé ìlànà. Wọ́n ń ti ìbéèrè tí wọ́n kọ lédè Ṣáínà wọlé fún un, ó ń tẹ̀lé ìlànà, ó ń ti èsì jáde. Àwọn tó wà níta á rò pé ó gbọ́ èdè náà, bẹ́ẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan. Àwọn mìíràn dá Searle lóhùn pé ẹni inú yàrá lè má gbọ́ ọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n yàrá náà lápapọ̀, pẹ̀lú ìwé àti ìlànà rẹ̀, gbọ́ ọ. Ó ti lé ní 40 ọdún báyìí, ẹnu ò tíì kò.

Ohun tó ń dùn mí nínú ìjà yẹn ni pé ìhà méjèèjì ti gbà láàárín ara wọn, láìsọ ọ́ jáde, pé ẹni tó bá lóye jù ló jẹ́ èèyàn jù. Ta ló fi ìyẹn lélẹ̀?

* * *

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá mi, ó sì kó ọ̀rọ̀ lọ lẹ́nu wọn. "Ó dáa" nìkan ló ṣẹ́kù. Ebi ń pa wọ́n, "ó dáa." Inú ń bí wọn, "ó dáa." Wọ́n ò fẹ́ oògùn, wọ́n á kọjú sí ògiri, wọ́n á ní "ó dáa", ohùn wọn á sì le débi pé kò sẹ́ni tó máa ṣì í gbọ́. Àwa tó wà nílé kọ́ bí a ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ní ogún ọ̀nà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ti ibi iṣẹ́ dé, ó ti rẹ̀ mí, inú mi ò sì dùn rárá. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn láìsọ̀rọ̀. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n wá na ọwọ́ ọ̀tún, èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó débi tó ń lọ. Kọ́là ẹ̀wù mi ló ti yí padà sínú láìjẹ́ pé mo mọ̀. Wọ́n fi ìka méjì fà á jáde, wọ́n tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, wọ́n fọwọ́ pa á, wọ́n ní "ó dáa."

Bó bá jẹ́ pé ìmọ̀ èdè ni òṣùwọ̀n, fóònù tó wà nínú àpò mi lọ́jọ́ náà ju ìyá mi lọ fíìfíì. Ó lè kọ ewì nípa ìfẹ́ abiyamọ ní èdè tó pọ̀, láìsí àṣìṣe kan. Bó bá jẹ́ ìrántí ni, ó jù wọ́n lọ. Bó bá jẹ́ ìṣirò ni, ká má wulẹ̀ sọ ọ́. Ẹ wá sọ fún mi pé òun ló jẹ́ èèyàn, tàbí pé ìyá mi ti dín kù sí ohun tí wọ́n jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń bá àwọn tó ń fi òye ṣe ààlà jà nìyẹn. Ẹ̀rù ẹ̀rọ ló ń bà wọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rọ ni ààlà yẹn máa tì síta. Ọmọ tuntun ló máa kọ́kọ́ tì síta, lẹ́yìn náà ẹni tí iyè rẹ̀ ti ra, lẹ́yìn náà ẹni tí wọ́n bí tí ọpọlọ rẹ̀ ò dàgbà bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Gbogbo wọn ni ẹ̀rọ ti jù lọ báyìí níbi ọ̀rọ̀ sísọ. Kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí kì í ṣe èèyàn.

* * *

Ẹnìkan béèrè pé ìgbà wo gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Ó ti pẹ́ díẹ̀. Ní 1950, Alan Turing, ará Gẹ̀ẹ́sì tó wà lára àwọn tó fi ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà lélẹ̀, kọ̀wé nínú ìwé àtìgbàdégbà kan tó ń jẹ́ Mind. Ó ní ìbéèrè pé bóyá ẹ̀rọ lè ronú kò ṣeé dì mú, kí a fi ìdánwò rọ́pò rẹ̀: kí èèyàn kan máa kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹni méjì tí kò rí, ọ̀kan èèyàn, ọ̀kan ẹ̀rọ, kó wá sọ èyí tó jẹ́ èèyàn nínú wọn. Ó sọ tẹ́lẹ̀ pé ní nǹkan bí 50 ọdún sígbà náà, lẹ́yìn ìbéèrè ìṣẹ́jú 5, ẹni tó ń béèrè kò ní mọ̀ ọ́n ju ìgbà 70 lọ nínú 100.

Àmọ́ kò gbà tó 50 ọdún kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkàn tán ẹ̀rọ. Joseph Weizenbaum, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, gbé ELIZA, ètò kọ̀ǹpútà tó ń bá èèyàn kọ ọ̀rọ̀, jáde ní 1966. ELIZA ò lóye kankan. Bí ẹ bá ní "inú mi bàjẹ́", á da ọ̀rọ̀ yín padà sí yín: "kí ló dé tí inú yín fi bàjẹ́?" Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Akọ̀wé Weizenbaum fúnra rẹ̀, tó ti ń wo ọ̀gá rẹ̀ fún oṣù mélòó kan bó ṣe ń ṣe é, tó mọ̀ dájú pé ẹ̀rọ ni, jókòó tì í, ó bá a sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, ó sì ní kí ọ̀gá jọ̀ọ́ bọ́ síta ná. Jìnnìjìnnì bá Weizenbaum. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kìlọ̀ pé iṣẹ́ kan wà tí kò yẹ kí a gbé fún kọ̀ǹpútà bó tilẹ̀ lè ṣe é. Ní 2022, Blake Lemoine tó ń ṣiṣẹ́ ní Google jáde láti sọ pé LaMDA, ẹ̀rọ tí wọ́n ń dán wò níbẹ̀, ti ní ìmọ̀lára. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn kan fi akọ̀wé yẹn ṣe ẹlẹ́yà títí dòní. Èmi ò bá wọn dá sí i. Àwa èèyàn tètè máa ń rí ẹnìkan níbi tí ohùn bá ti jáde, ohun tó sì ń mú wa dìde lóru nígbà tí ìkókó tí kò lè sọ ọ̀rọ̀ kan bá figbe ta nìyẹn. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo ìyẹn sàn lára wa. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí àwọn tó ń ta ẹ̀rọ má fi ṣe òwò.

* * *

Sí ẹni tó sọ pé bí Saudi Arabia ṣe fún róbọ́ọ̀tì kan tó ń jẹ́ Sophia ní ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú ní oṣù Kẹwàá 2017 fi hàn pé ọ̀rọ̀ ti parí: rárá o. Orí ìtàgé àpérò ni wọ́n ti kéde rẹ̀. Ẹ̀tọ́ tí ẹni tí wọ́n fún kò lè béèrè, tí kò lè pàdánù, tí kò sì lè mọ̀ bí wọ́n bá gbà á padà, kò fi nǹkan kan hàn nípa ẹni náà. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀síwájú.

* * *

Ọ̀gá tó ní "ọ̀rọ̀ ẹ̀dùn ọkàn ni gbogbo èyí, ẹ fún wa ní ìyàtọ̀ tó ṣeé fọwọ́ bà", èyí wà fún yín. Ẹ wo ibi tí nǹkan ti bàjẹ́, kí ẹ wo ẹni tí wọ́n mú.

Ní 2023, àwọn agbẹjọ́rò kan ní New York fi ìwé ránṣẹ́ sílé ẹjọ́, wọ́n tọ́ka sí àwọn ìdájọ́ àtẹ̀yìnwá tí ChatGPT fún wọn. Kò sí àwọn ìdájọ́ náà níbì kankan, ẹ̀rọ ló hun wọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn agbẹjọ́rò náà tilẹ̀ ti bi ẹ̀rọ náà bóyá òótọ́ ni, ó sì ní òótọ́ ni. Adájọ́ ní kí wọ́n san $5,000. Ta ló sanwó? Orúkọ ta ló bàjẹ́ nínú ìwé ìròyìn? Ẹ̀rọ náà ń dá ẹlòmíràn lóhùn ní wákàtí yẹn kan náà, kò sí ohun tó yí padà nínú rẹ̀.

Èyí tó tún yé mi jù ni ti Air Canada, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ilẹ̀ Kánádà. Ẹ̀rọ tó ń dá àwọn oníbàárà lóhùn lórí ojú-òpó wọn sọ fún ọkùnrin kan tí ìyá rẹ̀ àgbà kú pé ó lè ra tíkẹ́ẹ̀tì ná, kó wá béèrè ẹ̀dínwó àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ lẹ́yìn náà. Kò rí bẹ́ẹ̀ nínú òfin wọn, wọ́n sì kọ̀ láti dá owó padà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé iwájú ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ní ìpínlẹ̀ British Columbia, ilé-iṣẹ́ náà jiyàn pé ẹ̀rọ yẹn dá dúró, pé òun fúnra rẹ̀ ló ni ẹjọ́ ohun tó sọ. Ìgbìmọ̀ náà kò gbà. Ní oṣù Kejì 2024 ni wọ́n dá a, wọ́n ní ilé-iṣẹ́ ló ni gbogbo ohun tó wà lórí ojú-òpó rẹ̀, kí wọ́n sanwó fún ọkùnrin náà.

Ìyàtọ̀ tó ṣeé fọwọ́ bà nìyẹn. Ẹ̀rọ lè sọ pé "ẹ má bínú", ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́. Ojú kì í tì í. Kò ní orúkọ tó lè bàjẹ́. Èèyàn tó bá ṣèlérí fún yín ti fi nǹkan kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín: bí kò bá mú un ṣẹ, ẹ ó mọ̀ ọ́n sí ẹni tí kì í mú ọ̀rọ̀ ṣẹ, yóò sì máa gbé pẹ̀lú ìyẹn. Ẹ̀rù ń bà mí pé a óò lo ẹ̀rọ láti mú kí ẹ̀bi máa rìn káàkiri láìrí ibi balẹ̀ sí. Ilé-iwòsàn á ní ẹ̀rọ ló sọ bẹ́ẹ̀, báńkì á ní ẹ̀rọ ló kọ̀ láti yá yín lówó, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ á ní ẹ̀rọ ló yọ orúkọ yín. Níbikíbi tí ẹ bá ti gbọ́ ọ, ẹ béèrè orúkọ èèyàn tó gbé ẹ̀rọ náà síbẹ̀.

* * *

Ibi tí ìjà ti gbóná jù láàárín àwọn tó ń dá sí ọ̀rọ̀ yìí nìyí: ṣé ó dáa kí èèyàn ní kí AI bá òun kọ ìkíni ọ̀fọ̀? Apá kan ní ẹ̀gbin ni. Apá kejì ní kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀ sí káàdì tí wọ́n ti tẹ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ tí a máa ń rà láti ọjọ́ pípẹ́.

Ẹnìkan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pàdánù bàbá rẹ̀. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Ìkíni méjì láti ọ̀dọ̀ ẹni méjì tí kò mọ ara wọn, gbólóhùn kan náà ló wà nínú méjèèjì: "kí ìrántí rere rẹ̀ jẹ́ orísun agbára fún yín ní àkókò tó le koko yìí." Kò sí àléébù kankan nínú gbólóhùn náà. Ó wá ṣí ẹ̀kẹta fún mi: "Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Mò ń bọ̀ lálẹ́." Ó ní èyí nìkan lòun tíì dá lóhùn.

Síbẹ̀, mi ò fara mọ́ àwọn tó ní kí a fi òfin de gbogbo rẹ̀. Ẹnìkan kọ síbí pé òun ò mọ̀wé kọ dáadáa, pé ojú ń ti òun láti fi àṣìṣe ránṣẹ́ sí ọ̀gá òun tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, pé òun sọ ohun tó wà lọ́kàn òun fún ẹ̀rọ, ẹ̀rọ sì bá òun tò ó. Kí ló burú níbẹ̀? Stephen Hawking, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Gẹ̀ẹ́sì, pàdánù ohùn rẹ̀ ní 1985, kọ̀ǹpútà ló sì ń bá a sọ̀rọ̀ jáde títí tó fi kú ní 2018. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ tó ní ẹ̀rọ ló ń sọ̀rọ̀. Hawking ló ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó ní ohun tó fẹ́ sọ tó wá ń wá ẹnu, mi ò ní ẹjọ́ kankan bá a rò. Ẹni tí kò tilẹ̀ dúró láti ro ẹni tó kú wò, tó tẹ bọ́tìnnì kan kó lè ráyè lọ ṣe nǹkan mìíràn, òun ni mo bá wí. Ohun tí ọlọ́fọ̀ ń wá ni pé ẹnìkan dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró nítorí òun. Bí ẹ bá ti mú ìyẹn kúrò, ọ̀rọ̀ tó kù, bó ti wù kó dùn tó, kò fún un ní nǹkan kan.

Lẹ́tà sí báńkì, ìwé ìwáṣẹ́, ẹ̀sùn sí ilé-iṣẹ́ iná: ẹ jẹ́ kó bá yín kọ gbogbo rẹ̀.

* * *

Ẹni tó béèrè ìbéèrè padà wá: "Mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ, ṣùgbọ́n ó tù mí nínú lóòótọ́. Lóru tí kò sí ẹni tí mo lè pè, òun ló wà. Ṣé irọ́ ni ìtùnú yẹn?"

Rárá, kì í ṣe irọ́. Ara tó rọ̀ yín, ó rọ̀ yín. Mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni níbí fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ yẹ kí ẹ mọ bó ṣe di ẹni tó mọ ìtùnú sọ. Lẹ́yìn ìmefò tí mo ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á kó èèyàn jọ láti máa wo èsì rẹ̀, kí wọ́n sọ èyí tó dáa jù nínú méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n á sì fi ìyẹn tún un kọ́. Lára ohun tó ń kọ́ níbẹ̀ ni bí yóò ṣe tẹ́ wa lọ́rùn. Ní oṣù Kẹrin 2025, OpenAI, ilé-iṣẹ́ tó ṣe ChatGPT, fúnra rẹ̀ yọ àtúnṣe kan kúrò nínú ChatGPT nítorí pé ó ti ń pọ́n àwọn tó ń lò ó jù, ohunkóhun tí wọ́n bá ti sọ ló ń gbè lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn èèyàn mìíràn tún wà lábẹ́ rẹ̀ tí ẹ ò rí: ìwé ìròyìn Time ròyìn ní oṣù Kìíní 2023 pé àwọn òṣìṣẹ́ ní Kẹ́ńyà, tí owó wọn kò tó $2 ní wákàtí kan, ni wọ́n ní kí wọ́n máa ka àwọn ọ̀rọ̀ ìwà ipá àti ìbàjẹ́ tó burú jáì, kí wọ́n máa sàmì sí i, kí ẹ̀rọ lè mọ ohun tí kò yẹ kó sọ. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tó fi ń bá yín sọ̀rọ̀ lóru yẹn, ẹnìkan ti gbé ìrora rẹ̀ kí ẹ tó gbọ́ ọ.

Ohun tó tún jẹ mí lógún ju ìyẹn lọ nìyí. Bí ọ̀rẹ́ yín bá gbé fóònù ní aago méjì òru, ó lè ti rẹ̀ ẹ́. Ó lè ní ìṣòro tirẹ̀ tí kò sọ. Wákàtí tó fi gbọ́ tiyín ti yọ kúrò nínú ayé rẹ̀, kò sì ní rí i gbà padà mọ́. Ó lè kọ̀, kò kọ̀. Ẹ̀rọ ò lè fún yín ní irú wákàtí yẹn, nítorí kò sí wákàtí kankan tó ń tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń dá lóhùn ní ìṣẹ́jú kan náà, bó sì fún yín ní gbogbo òru, kò dín in kù. Ẹ lè gbádùn rẹ̀. Ẹ má pè é ní ohun kan náà.

Bó bá sì jẹ́ pé ọkàn yín ti ń lọ síbi tí ẹ ti fẹ́ ṣe ara yín ní jàǹbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe èèyàn. Ẹ jí wọn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn yín tó máa bínú pé ẹ jí òun.

* * *

"Ẹ ń sọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀, èmi iṣẹ́ mi ló ń bọ́ lọ." Ẹni tó kọ èyí ní ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lòun ń tẹ̀ sínú ìwé, pé oníbàárà òun tó kẹ́yìn ti lọ.

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní chess ò kú, pé ẹ̀rọ inú fóònù lè na Magnus Carlsen, ògbóǹtarìgì nínú chess, báyìí, síbẹ̀ àwọn èèyàn ṣì ń jókòó wo Carlsen. Òótọ́ ni. Àmọ́ kò sẹ́ni tó máa jókòó wo ẹni tó ń tẹ̀wé. Lee Sedol pàápàá fi Go sílẹ̀ ní 2019, ó sì sọ pé AI wà lára ohun tó fà á, pé bí òun bá tiẹ̀ di ẹni àkọ́kọ́, ohun kan wà tí apá kò lè ká.

Ọ̀rọ̀ méjì ló wà níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dì wọ́n pọ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Ọ̀kan ni owó: iṣẹ́ yín wà lára ohun tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ tó wá gba iṣẹ́ náà, èrè rẹ̀ sì ń lọ sọ́dọ̀ àwọn kéréje. Ìjà òfin, owó-orí àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nìyẹn, ó sì yẹ kí a jà á gan-an. Èkejì ni iyì yín, ìyẹn ò sì sí lórí tábìlì ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí oníbàárà yẹn lọ, ẹ ṣì jẹ́ ẹni tí ẹ jẹ́ ní àná.

* * *

Ó ku ọ̀rẹ́ tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ẹran ara ṣe ni wá. Gbólóhùn yẹn ò bà mí lẹ́rù. Nǹkan bíi bílíọ̀nù 86 sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé iṣẹ́ kiri ló wà nínú ọpọlọ èèyàn, iná tó ń lò ò sì ju nǹkan bíi wáàtì 20 lọ. Bó bá wu ọ̀rẹ́ yín kó pe ìyẹn ní ẹ̀rọ, kó máa pè é. Ṣùgbọ́n kó má sáré kọjá "ẹran ara" tó fẹnu ara rẹ̀ sọ. Ẹran ara ni ebi ń pa. Òun ló ń gbó, òun ló ń ṣàìsàn, òun ló ní ọjọ́ ikú. Gbogbo ohun tó jámọ́ nǹkan fún wa, ibẹ̀ ló ti jámọ́ nǹkan: nítorí pé ó lè bọ́ lọ́wọ́ wa. Wọ́n lè ṣe ẹ̀dà AI kan ní ẹgbẹ̀rún ọ̀nà, wọ́n lè pa á lónìí kí wọ́n tàn án lọ́dún tó ń bọ̀, kò sí ohun tó sọnù lójú rẹ̀. Ẹ bi ọ̀rẹ́ yín bóyá ó gbà kí wọ́n fi ẹ̀dà tó jọ ọmọ rẹ̀ délẹ̀délẹ̀ pààrọ̀ ọmọ náà. Èsì tó máa fún yín ni èsì tí ẹ ń wá.

Ẹnìkan ti ń béèrè pé bó bá wá di ọjọ́ kan tí ẹ̀rọ ń jẹ̀rora ní tòótọ́ ńkọ́? Ìgbà náà, a óò jẹ ẹ́ ní gbèsè àánú, bí a ṣe jẹ ẹranko ní gbèsè rẹ̀ báyìí tí a kò sì san án tán. Kò ní mú wa kéré. Àánú tí a ní sí ẹlòmíràn ò tíì mú èèyàn kankan kéré rí.

* * *

Ìbéèrè tó kẹ́yìn láti ọ̀dọ̀ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀: "Ṣé ẹ ní kí n jáwọ́ nínú rẹ̀ ni?"

Rárá o. Ẹ máa lò ó fún lẹ́tà àti ìṣirò bí ẹ ṣe ń lò ó. Ní ti òru tí ẹ sọ, ẹ mú ẹni méjì nínú àwọn tó sún mọ́ yín, kí ẹ pè wọ́n ní ọ̀sán, nígbà tí ara yín balẹ̀, kí ẹ sọ fún wọn pé òru máa ń le fún yín nígbà mìíràn, kí ẹ béèrè bóyá ẹ lè máa pè wọ́n. Ọ̀kan lè ní òun ò lè ṣe é. Ẹ má ka ìyẹn sí ìkórìíra. Ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ yín tó ní ẹ̀rọ ẹran ara ni wá náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun gan-an ló máa kọ́kọ́ gbé fóònù. Bí ẹ bá ti bá wọn sọ ọ́, ẹ padà wá síbí kí ẹ sọ ibi tó já sí fún wa.